Anime: kí ló dé tó jẹ́ ẹnu nìkan ló ń mì?

Lọ́jọ́ kan, àǹtí mi wọlé bá mi níbi tí mo ti ń wo anime lórí fóònù, wọ́n dúró sẹ́yìn mi fúngbà díẹ̀, wọ́n ní "Ṣé dátà ẹ ti tán ni? Kí ló dé tí nǹkan yìí há sójú kan?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Dátà wà ńbẹ̀ o, bí wọ́n ṣe yà á gan-an nìyẹn. Ọmọkùnrin inú ẹ̀ dúró gbagidi, irun ò mì, èjìká ò mì, ẹnu nìkan ló ń là tó ń padé, bẹ́ẹ̀ ó ti ń sọ̀rọ̀ láti bí ìṣẹ́jú kan.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yanjú orúkọ yẹn. A-ni-mé là ń pè é, kì í ṣe "anáìmù" jọ̀ọ́. Àwọn ará Jàpáànù ló gba "animation" lẹ́nu òyìnbó, wọ́n sọ ọ́ di "animēshon", wọ́n wá gé e kúrú. Lọ́dọ̀ tiwọn, kàtúùnù èyíkéyìí ni anime, títí kan ti Amẹ́ríkà, àwa tá a wà níta la fi ń pe ti Jàpáànù nìkan.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn. Fíìmù máa ń gbé àwòrán 24 kọjá lójú wa ní sẹ́kọ́ńdù kan. Kàtúùnù olówó ńlá, irú ti Disney àtijọ́, lè ya 24 tàbí 12 níbẹ̀. Ti anime, 8 ló wọ́pọ̀: wọ́n á ya ẹyọ kan, wọ́n á fi hàn lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó gbé òmíì wọlé. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, 480 fún ìṣẹ́jú kan dípò 1,440. Tó bá wá jẹ́ pé ẹnì kan kàn dúró tó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ya ara ẹ̀, wọ́n á ya ẹnu sọ́tọ̀, mẹ́ta péré, èyí tó padé, èyí tó là díẹ̀, èyí tó là gbàgà, wọ́n á máa pààrọ̀ wọn lórí ojú kan náà. Ohun tí àǹtí mi rí nìyẹn.

Ẹni tó jẹ́ kó di àṣà ni Tezuka Osamu. Manga ló ń yà, ìyẹn ìwé ìtàn tí wọ́n fi àwòrán sọ, ni òun àti ilé iṣẹ́ ẹ̀, Mushi Production, bá gbé Tetsuwan Atom jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Fuji ní January 1, 1963, òun làwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ sí Astro Boy. Ààbọ̀ wákàtí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, owó ò tó, àkókò ò tó. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Wọ́n dín àwòrán kù, èyí tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀, wọ́n tọ́jú ẹ̀ kí wọ́n lè tún un lò lọ́sẹ̀ míì.

Àmọ́ ọgbọ́n wà nínú ẹ̀ o, èmi ò gbà pé ìyà nìkan ni. Àwòrán tí wọ́n ṣọ́ lò níbi ọ̀rọ̀ sísọ, ibi ìjà ni wọ́n máa ń da gbogbo ẹ̀ sí. Ẹni tó dúró bí igi yẹn náà lẹ máa rí tó fò sókè, aṣọ ẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, iyanrìn ń tú lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, kámẹ́rà ń yí i po, ó máa dà bíi pé ẹlòmíì ló yà á, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ọ̀gá ló ń ya ibi tó ṣe kókó, wọ́n ń pè é ní genga, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á wá ya àwọn àwòrán tó so wọ́n pọ̀, ìyẹn dōga, iye àwòrán tí wọ́n bá yà ni wọ́n sì sábà máa ń fi sanwó fún wọn, owó náà ò sì pọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má rò pé torí pé wọ́n yà á, tọmọdé ni. Shōnen wà fáwọn ọmọkùnrin tó ń bàlágà, shōjo fáwọn ọmọbìnrin, seinen fáwọn ọkùnrin tó ti dàgbà, josei fáwọn obìnrin tó ti dàgbà. Wo èyí tó jẹ́ kó o tó gbé fóònù fọ́mọ.

Tó o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, má fi One Piece bẹ̀rẹ̀ o, láti 1999 ló ti ń jáde, ó ti ju 1,000 ẹ̀písóòdù lọ. Wá èyí tó jẹ́ 12 tàbí 13, bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ nìyẹn báyìí, tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní January, April, July àti October. Àwọn tó gùn láyé àtijọ́ ní nǹkan tí wọ́n ń pè ní filler: anime ti lé manga bá, ẹni tó ń kọ ọ́ ò tíì kọ ìyókù, làwọn tẹlifíṣọ̀n bá ń hun ìtàn tara wọn láti fi dúró dè é. Fò ó, o ò ní pàdánù nǹkan kan. Orin ìbẹ̀rẹ̀, tó máa ń tó ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ìyẹn lo ò gbọ́dọ̀ fò. Tí orin ìparí bá sì bẹ̀rẹ̀, má tíì pa á, wọ́n máa ń fi nǹkan kékeré pa mọ́ sẹ́yìn ẹ̀ nígbà míì.