Bí fọ́ńgọ́ọ̀sì ṣe ń mọ purotéènì, àti ibi tí oògùn ti lè dá a dúró

Fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń fa làpálàpá, ìyẹn kò ṣòroó wò. Irú èyí tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró ló le. Oògùn bakitéríà pọ̀ lọ súà, àmọ́ ti irú fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí kò tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ ẹbí ló fà á: fọ́ńgọ́ọ̀sì sún mọ́ èèyàn ju bó ṣe sún mọ́ bakitéríà lọ, ohun tó bá lè pa á lè ṣe àwa náà léṣe.

Inú sẹ́ẹ̀lì ni ìjọra náà ti hàn jù. Ìlànà bí wọ́n ṣe ń mọ purotéènì wà nínú DNA. Sẹ́ẹ̀lì á dà á kọ sórí mRNA, ìyẹn ẹ̀dà ìlànà náà; ráíbósóòmù, ẹ̀rọ tó ń mọ purotéènì, á sì máa kà á ní lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta. Fún mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, tRNA kan (alárùú ni) á gbé ásíìdì amínò (ègé tí wọ́n fi ń mọ purotéènì) tó yẹ wá, ráíbósóòmù á so ó mọ́ èyí tó wà ńlẹ̀, á sún síwájú, tRNA tó ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ á sì jáde. Bí iṣẹ́ yìí bá dúró, ìdàgbàsókè dúró nìyẹn.

Ráíbósóòmù bakitéríà jẹ́ 70S, tiwa jẹ́ 80S (S ń tọ́ka sí bó ṣe tóbi tó). Ìyàtọ̀ yẹn ló jẹ́ kí oògùn bíi tetracycline rí bakitéríà mú. Ṣùgbọ́n 80S ni ti fọ́ńgọ́ọ̀sì náà! Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ cycloheximide ń dá ti ọ̀pọ̀ fọ́ńgọ́ọ̀sì dúró, ó sì ń dá tiwa náà dúró, kò wúlò fún aláìsàn.

Oògùn tavaborole gba ẹ̀yìn wọlé. Kò fọwọ́ kan ráíbósóòmù. Ẹ́ńsáìmù (purotéènì òṣìṣẹ́) tó ń di leucine, ọ̀kan lára àwọn ásíìdì amínò, lé tRNA lórí ló mú, á há tRNA mọ́ inú rẹ̀ pinpin. Ní 2014 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àrùn èékánná ẹsẹ̀. Kíkán sórí èékánná ni o, kì í ṣe gbígbé mì.

Èròjà mìíràn, sordarin, ń mú eEF2, purotéènì tó ń ti ráíbósóòmù síwájú. Àwa náà ní eEF2, àmọ́ ìyàtọ̀ bíńtín tó wà nínú tiwa ń gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wà láàárín àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì fúnra wọn pẹ̀lú: sordarin ń mú fọ́ńgọ́ọ̀sì Candida albicans, ṣùgbọ́n èyí tó ń jẹ́ Aspergillus fumigatus kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí.

Purotéènì mìíràn, eEF3, ló wá dà bí ẹran tó yẹ kí ọdẹ lé. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ní in, èèyàn ò ní in. Ó ń fi agbára ATP (epo tí sẹ́ẹ̀lì ń lò) ṣí ọ̀nà fún tRNA tó ti ṣófo láti jáde; yíìsì, tó jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì, kì í yè bí wọ́n bá yọ eEF3 lára rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá oògùn síbẹ̀ á dán an wò lára ráíbósóòmù yíìsì àti ti èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró, èkejì gbọ́dọ̀ máa bá iṣẹ́ lọ.