Kì í ṣe àwọ̀ yín ló ba fótò bíìṣì jẹ́, yanrìn ni

Ohun tó rọrùn nínú fótò bíìṣì, ẹ jẹ́ ká tètè kọjá ńbẹ̀: ẹ fi aṣọ tó mọ́ nu ojú kámẹ́rà torí iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, fótò á wá dà bíi pé ọyẹ́ mú. Ó tán. Èyí tó ń bí èèyàn nínú ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ìlọrin máa ń sọ tí wọ́n bá ti bíìṣì Èkó dé, wípé "èmi dúdú jù, fótò ò gbà mí". Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Kámẹ́rà ò mọ èèyàn, kò mọ òkun. Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà wá bá a nìkan ló ń wọ̀n, wọ́n sì ti ṣe é kó gbà wípé ibi yòówù kí wọ́n kọjú ẹ̀ sí, tí wọ́n bá po gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó yẹ kó rí bí eérú, kò funfun, kò dúdú. Àwọn oníṣẹ́ fótò ní káàdì fún un, tó máa ń ta ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Ó wá dà bí alásè tí wọ́n ní iyọ̀ gbogbo ìkòkò gbọ́dọ̀ ṣe déédéé: ó tọ́ ọbẹ̀ wò, iyọ̀ ti pọ̀, ó bu omi sí i, ó tún tọ́ ọ wò, ó tún bu omi sí i, títí iyọ̀ fi dọ́gba, ẹran tí ò tiẹ̀ tíì gba iyọ̀ wá tẹ́ pátápátá, àwọn àlejò ń wo ara wọn lójú, alásè ní tòun, òun ti ṣe bí wọ́n ṣe ní kóun ṣe. Yanrìn ni iyọ̀ yẹn, òun àti omi tó ń dán àti ojú ọ̀run. Kámẹ́rà dín ìmọ́lẹ̀ kù torí tiwọn, ojú yín ló fara gbá a.

Ẹ ò tiẹ̀ nílò òkun láti rí i. Ẹ wo fótò Iléyá ní Yídì, jálàbíà funfun, láwàní funfun, híjáàbù funfun, ojú ṣókùnkùn, funfun ọ̀hún gan-an á tún dà bí èyí tí wọn ò fọ̀ mọ́.

Àwọn tó ń fi fíìmù yàwòrán láyé àtijọ́ ò jẹ́ kí kámẹ́rà tàn wọ́n. Wọ́n ní òfin kan, Sunny 16: tí oòrùn bá ràn dáadáa, ojú lẹ́ńsì, ìyẹn ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, á wà ní f/16 (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò náà ń kéré sí i), fíìmù ISO 100 (ISO ni nọ́ńbà tó ń sọ bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó) á gba ìmọ́lẹ̀ fún nǹkan bíi 1/100 ìṣẹ́jú àáyá. Kò sí wíwọ̀n kankan, torí oòrùn tó ń bọ̀ lókè ni wọ́n ń kà, wọn ò ka èyí tó ta padà. Ọgbọ́n gidi lèyí jẹ́ lójú tèmi, ó ju ti fóònù lọ. Tó bá wá jẹ́ etí òkun, wọ́n á gbé e lọ sí f/22, ìyẹn ìdajì ìmọ́lẹ̀, torí yanrìn náà tún ń ta ìmọ́lẹ̀ síni lára láti ìsàlẹ̀. Yanrìn tá à ń bú yìí náà ló ń bá wa tan ìmọ́lẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n àti inú ihò ojú tí oòrùn ọ̀sán ò lè dé.

Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú èèyàn náà, ẹ má gbé ìka kúrò títí á fi lọ́ọ̀kì, àwòrán oòrùn kékeré á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ fà á sókè díẹ̀díẹ̀ títí ojú á fi mọ́lẹ̀. Fóònù tuntun ń gbìyànjú láti dá ojú mọ̀ fúnra ẹ̀, àmọ́ kéèyàn dé fìlà ńlá kó tún wọ gíláàsì dúdú, ó lè má rí ojú kankan. Sánmà lè funfun báláú lẹ́yìn yín, ẹ fi sílẹ̀ jàre, kì í ṣe sánmà lẹ san owó mọ́tò Èkó torí ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ń wọ̀ lẹ́yìn èèyàn nìkan ni títẹ ojú ò ní tó, torí tí ojú bá mọ́lẹ̀ tán, oòrùn tó wù yín yẹn á ti parẹ́. Flash ni kẹ́ ẹ tàn, kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín wípé ojúmọmọ lẹ̀ ń tan iná. Ẹ sún mọ́ onítọ̀hún dáadáa o, flash fóònù ò lágbára.