Ẹ Má Purọ́ Mọ́ Bluetooth, Kì Í Jẹ Dátà

Ìyá kan wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwé ètò ìsìnkú ọkọ wọn ni wọ́n fẹ́ tẹ̀, inú fóònù wọn sì ni fọ́tò bàbá wà. Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká fi Bluetooth gbé e." Màmá fa fóònù mọ́ àyà. "Rárá o! MB tí mo rà láàárọ̀ lo fẹ́ jẹ tán yẹn. Gbà á lórí WhatsApp."

Ẹnu màmá nìkan kọ́ ni mo ti gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ WhatsApp tí wọ́n sá lọ bá gan-an ló ń jẹ MB.

Rédíò kékeré ni Bluetooth. Ìgbì rẹ̀ ń lọ tààrà láti inú fóònù sínú kọ̀ǹpútà, kò gba orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan, kò sì kan SIM. Ẹ yọ SIM kúrò pátápátá, yóò ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ta MB fún yín ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ gbé nǹkan, kí ló máa wá gbówó lé lórí? Nǹkan bíi mítà 10 ni agbára rẹ̀ máa ń mọ lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ògiri sì lè dín in kù.

Ti WhatsApp ńkọ́? Fọ́tò yóò kúrò ní Lágéré, yóò gba orí òpó lọ sí kọ̀ǹpútà àwọn tó ni WhatsApp lókè òkun, kó tó padà wá sí Lágéré. Ṣe ló dà bí ẹni tó gbé ẹrù fún awakọ̀ ní gáréèjì pé kó gbé e dé Èkó, kó tún gbé e padà wá fún ẹni tó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Màmá yóò san owó fífi ránṣẹ́, ọmọkùnrin yóò san owó gbígbà. Èyí tó dùn mí jù ni pé WhatsApp sábà máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè fúyẹ́. Tí wọ́n bá wá tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sí iwájú ìwé, ojú bàbá á ṣú. Bí fọ́tò ṣe rí ni Bluetooth ń gbé e.

Lójú tèmi, dátà tí a kì í pa ló bí ìgbàgbọ́ yìí. Ẹ ń fi Bluetooth gbé orin, Facebook ń fa fídíò lábẹ́lẹ̀, àwọn áàpù ń sọ ara wọn dọ̀tun. Ẹ yẹ MB wò, ó ti dín kù. Olè ti lọ, ẹ mú aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Ibì kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni tí ẹ bá fi Bluetooth pín íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín fún kọ̀ǹpútà, ìyẹn sì rèé, ẹ̀yin lẹ máa tàn án fúnra yín.

Ẹ̀sùn tó tọ́ sí Bluetooth ni pé ó lọ́ra. Fọ́tò 4 MB lè gba ìṣẹ́jú àáyá 20, fíìmù 700 MB lè gbà tó nǹkan bíi wákàtí kan.

(Orúkọ ọba Denmark kan, Harald Bluetooth, ni wọ́n fún un, torí ó so àwọn ènìyàn rẹ̀ pọ̀ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Àwa tí wọ́n ń sọ ìtàn Odùduwà fún, kò yẹ kí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí wa.)

Ní ṣọ́ọ̀bù ọjọ́ yẹn, a pa dátà màmá, a tẹ *323# láti wo iye MB tó kù, a wá fi fọ́tò ránṣẹ́. Kò lọ. Màmá ní, "Ẹ ò rí i? Torí ẹ pa dátà ni!" Ọmọkùnrin gbá orí ara rẹ̀: ó gbàgbé láti tẹ "Receive a file" lórí Windows, kọ̀ǹpútà ò sì lè gba ohun tí wọn ò ní kó máa retí. Ó tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò wọlé. Màmá tún tẹ *323#, wọ́n wo ojú fóònù títí, wọ́n ní ká tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Iye yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀.