Omi inú oúnjẹ: ibi tí ìṣirò omi ajá àti ológbò ti ń wọ́

Ọ̀pọ̀ ìṣirò omi ẹran ilé ló máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi abọ́, ibẹ̀ náà ló sì ti ń wọ́. Ẹni tó fẹ́ múra sílẹ̀ de ìgbà ọ̀wọ́n omi á bu omi sí abọ́ ajá láàárọ̀, á wò ó lálẹ́, á rí i pé bí ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan ló lọ. Á wá tọ́jú ọ̀rá mẹ́rìnlá fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Nígbà tí omi bá wọ́n lóòótọ́, ajá kan náà á mu ọ̀rá tòní tán kí oòrùn tó wọ̀, á sì tún máa lá ìsàlẹ̀ abọ́. Kò sí ohun tó ṣe ajá. Oúnjẹ rẹ̀ ló yí padà.

Ìlànà tí àwọn dókítà ẹranko máa ń lò rọrùn: mìlílítà 50 sí 60 fún kílò kan, lójúmọ́. Ajá ìbílẹ̀ tó wọn kílò 15, irú èyí tó pọ̀ káàkiri Adó àti Ìkẹ́rẹ́, á nílò mìlílítà 750 sí 900. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń fò nínú ìlànà yìí ni pé gbogbo omi tó wọ ara ló ń sọ, èyí tí ajá mu àti èyí tó jẹ. Ẹni tó bá gbà pé inú abọ́ omi nìkan ni 900 yẹn ti ń wá kò ní lóye ìdí tí ajá tirẹ̀ fi ń mu 500 tí ara rẹ̀ sì ń dán.

A tún lè gba ọ̀nà oúnjẹ dé ibẹ̀. Fún kálórì kan tí ẹranko ń lò lójúmọ́, mìlílítà omi kan. Ajá kílò 15 tó ti dàgbà, tí kì í ṣe iṣẹ́ agbára, ń lo bíi kálórì 850, omi rẹ̀ á sì jẹ́ bíi 850. Ọ̀nà méjèèjì pàdé. Ibi tí wọ́n ti ń yà ni ọ̀dọ̀ ajá kékeré àti ajá ńlá. Ajá kílò 5 ń lo bíi kálórì 375, ìyẹn mìlílítà 75 fún kílò kan. Ajá ńlá kílò 40 ń lo bíi 1,800, ìyẹn 45 péré fún kílò kan. Ara kékeré máa ń tètè pàdánù ooru rẹ̀, nítorí pé awọ rẹ̀ pọ̀ ju bí ó ṣe wúwo lọ, ó sì gbọ́dọ̀ máa jó oúnjẹ kíákíá. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sin ajá kékeré kó má ṣe fi ti 50 yẹn ṣe òdiwọ̀n, kò ní tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn gan-an nìyí o. Ní Èkìtì, ajá ilé tí kì í jẹ iyán ṣọ̀wọ́n. Ohun tó bá ṣẹ́kù nínú odó àti nínú àwo, tí wọ́n ro ọbẹ̀ díẹ̀ mọ́, ni oúnjẹ rẹ̀ lálaalẹ́. Iyán sì rèé, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ló jẹ́ omi. Ọbẹ̀ ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ajá kílò 15 bá jẹ gíráàmù 600 iyán olọ́bẹ̀ láàárín òwúrọ̀ sí alẹ́, ó ti jẹ omi tó bíi mìlílítà 420 láìfi ẹnu kan abọ́ omi. Nínú 900 tí ara rẹ̀ ń béèrè, ó ku 480. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan jẹ́ 500. Ohun tí olówó ajá rí nínú abọ́ nìyẹn, ojú rẹ̀ kò sì tàn án. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó rò pé gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ fún ajá kan náà ní oúnjẹ ajá oníhóró gbígbẹ, èyí tí wọ́n ń tà nínú àpò. Gíráàmù 250 á tó o lóòjọ́. Omi inú rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ìyẹn mìlílítà 25. Ara ṣì ń béèrè 900, nítorí náà abọ́ ni yóò san 875, bíi ọ̀rá méjì dín díẹ̀. Ajá kan náà ni, ilé kan náà, ojú ọjọ́ kan náà.

Ó dà bí àjọ tí èèyàn méjì jọ ń dá. Alájọ ń wá lójoojúmọ́, iye kan náà ló sì máa ń gbà: 900. Oúnjẹ a san tirẹ̀, abọ́ omi a san tirẹ̀. Kò kan alájọ ẹni tó san púpọ̀ nínú àwọn méjèèjì, bí owó bá ti pé, ó ti lọ. Ní ọjọ́ tí oúnjẹ kò bá rí nǹkan san, alájọ kò ní dín iye rẹ̀ kù, abọ́ ni yóò san gbèsè ẹnì kejì rẹ̀. Bí abọ́ náà kò bá ní i, alájọ á yọ ọ́ lára ohun tó wà nílé: nínú ẹ̀jẹ̀, nínú ẹran ara, nínú omi abẹ́ awọ. Bí ajá kílò 15 bá ti pàdánù ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ báyìí, ìyẹn mìlílítà 750, àmì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Èrìgì rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ ìka dípò kó máa yọ̀. Bí a bá fi ìka méjì fa awọ èjìká rẹ̀ sókè, kò ní padà wálẹ̀ wàrà bó ṣe yẹ.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ mọ́ ìgbà pàjáwìrì nìyí: ọjọ́ tí omi bá wọ́n náà ni oúnjẹ máa ń gbẹ. Ilẹ̀ Èkìtì jẹ́ ilẹ̀ àpáta. Omi kànga ibẹ̀ kò sí níbi kan lọ títí bíi ti etíkun, inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta àti inú ibi tí àpáta ti sán ló máa ń kó sí. Tó bá di oṣù kejì sí oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ kànga tí kò jìn á ti gbẹ débi pé ẹrẹ̀ ni garawa ń fà jáde. Bọ́ọ̀hóòlù kò sì lè fa omi bí iná kò bá sí tí epo jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n. Nínú ilé tí omi ti di ohun tí à ń fi kọ́ọ̀bù bù, ta ni yóò se iṣu, tí yóò tún fọ odó àti ọmọrí odó? Búrẹ́dì ni wọ́n á rà. Wọ́n á jẹ bisikíìtì, wọ́n á jẹ ẹ̀pà. Àjẹkù iyán kò sí mọ́, ajá á gba èèpo búrẹ́dì tàbí oúnjẹ oníhóró inú àpò. Ilé ń dín omi kù lápá kan, oúnjẹ ajá sì ń gbẹ lápá kejì. Ẹni tó fi ọjọ́ ọbẹ̀ ṣe ìṣirò ọjọ́ búrẹ́dì ti ṣe é ní ìdajì.

Ti ológbò tún le sí i. Ológbò kílò 3 kò nílò ju mìlílítà 150 sí 190 lọ lápapọ̀, iye tí kò tó ìdajì ọ̀rá píọ́ wọ́tà. Ilẹ̀ gbígbẹ bí aṣálẹ̀ ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, kíndìnrín rẹ̀ sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ omi lò: ìtọ̀ rẹ̀ máa ń ki gan-an. Eku tó bá pa, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà ológbò tó ń dọdẹ dáadáa lè máà dé ìdí abọ́ omi títí ilẹ̀ fi ṣú. Ibi tí ó ti yàtọ̀ sí ajá ni pé òùngbẹ kì í tètè gbẹ ológbò. Bí oúnjẹ ajá bá gbẹ, ajá á sáré lọ mu omi dí i. Ológbò á mu díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kì í sábà mu tó láti dí gbogbo àlàfo náà. Ìtọ̀ rẹ̀ á tún ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó bá sì jẹ́ akọ, ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ó lè dí. Akọ ológbò tó ń lóṣòó láti tọ̀ tí nǹkan kan kò jáde kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Nítorí náà, fún ológbò, kí omi wà nílé nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ bu omi náà sínú oúnjẹ rẹ̀, kó di rírọ̀. Omi lásán ni kó jẹ́, kì í ṣe omi ọbẹ̀: iyọ̀ inú ọbẹ̀ á tún fa òùngbẹ, àlùbọ́sà sì máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò àti ti ajá jẹ́.

Oòrùn ní ọwọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ajá kì í làágùn bí èèyàn, àfi díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó máa ń yọ ahọ́n, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, omi ẹnu àti ti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á máa bá afẹ́fẹ́ lọ, ooru ara á sì tẹ̀ lé e. Ọ̀nà tó gbọ́n ni, ṣùgbọ́n omi ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gba omi lẹ́nu rẹ̀ kódà nígbà tí òtútù òwúrọ̀ ìlú Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé mú kó rò pé ara òun tù. Abiyamọ ajá tó ń fún ọmọ lọ́mú yàtọ̀ pátápátá, ó lè gba ìlọ́po méjì sí mẹ́ta.

Ewúrẹ́ àti adìẹ ń tẹ̀lé òfin kan náà, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ewé tútù tí ewúrẹ́ ń jẹ lójò jẹ́ omi ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé ewúrẹ́ kì í mu omi. Ẹ jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀rùn, kó wá ku èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá gbẹ, ẹ ó rí i bí ó ṣe ń lé garawa kiri. Ìlànà Sphere, tí àwọn tó ń ṣèrànwọ́ nígbà àjálù ń lò, ya lítà 5 sọ́tọ̀ lójúmọ́ fún ẹran ọ̀sìn kékeré kan. Adìẹ tó ń yé ẹyin ń mu bíi mìlílítà 250, ooru gan-gan sì lè sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Ìmọ̀ràn kan wà tó gbajúmọ̀, tó sì yẹ ká fi sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ń gba àwọn èèyàn níyànjú láti tọ́jú gálọ́ọ̀nù kan, bíi lítà 3.8, fún èèyàn kan lójúmọ́. Àwọn kan wá gbé e fún ẹranko: gálọ́ọ̀nù kan fún ajá, gálọ́ọ̀nù kan fún ológbò. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé kò ṣòro láti rántí. Ṣùgbọ́n ti èèyàn kó omi ìwẹ̀ díẹ̀ àti omi ìsebẹ̀ mọ́ ọn, ológbò kì í sì í wẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ. Fún ológbò kílò 3, gálọ́ọ̀nù kan jẹ́ ohun tó tó bíi ogún ìlọ́po ìnílò rẹ̀. Ẹni tó ń ra omi lọ́wọ́ táńkà á gbọ́ iye yẹn, á rí i pé agbára òun kò ká a, kò sì ní tọ́jú ohunkóhun. Iye tó ga jù máa ń ṣe ibi tó dọ́gba pẹ̀lú iye tó kéré jù.

Wíwọ̀n tó péye kò gba owó. Ẹ gbé ajá mọ́ra, ẹ dúró lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ yọ ìwọ̀n tiyín kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ wá abọ́ méjì tó bára mu, kí ẹ bu iye omi kan náà sí wọn. Ẹ gbé ọ̀kan sí ibi tí ajá ń mu, kí ẹ gbé èkejì sórí ògiri tàbí òrùlé ilé ajá, níbi tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ kan náà ń dé ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ kò dé. Ní àkókò kan náà lọ́jọ́ kejì, ẹ wọn ohun tó kù nínú méjèèjì, ìgò aláàbọ̀ lítà tó fún ti ajá, sírínjì kẹ́míìsì ló dára fún ti ológbò. Ohun tó dín nínú abọ́ ti òkè, afẹ́fẹ́ ló mu ún, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ti ìsàlẹ̀. Nígbà ọyẹ́, abọ́ òkè yìí á yà yín lẹ́nu. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí ajá jẹ iyán, kí ẹ tún ṣe é lọ́jọ́ tó jẹ oúnjẹ gbígbẹ nìkan. Òǹkà ọjọ́ oúnjẹ gbígbẹ yẹn ló ń wọ kẹ́ẹ̀gì.

Fún ajá kílò 15 wa, 900 lọ́nà ọjọ́ 14 jẹ́ lítà 12.6. Bí a bá fi ìdámẹ́rin lé e fún èyí tí yóò dànù àti fífọ abọ́, ó di bíi 16. Ológbò kílò 3 tó ń gba 190, pẹ̀lú ìdámẹ́rin tirẹ̀, á gba bíi 3.3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ lítà 19 àti díẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan ṣoṣo gba àwọn méjèèjì fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì ku bíi lítà 6 tí a kò ní fọwọ́ kàn àfi bí oòrùn bá mú ju bó ṣe yẹ lọ. Bí abiyamọ bá wà nínú wọn, kẹ́ẹ̀gì méjì ni kó jẹ́. Kí kẹ́ẹ̀gì náà má jẹ́ èyí tí wọ́n fi ra kẹrosíìnì tàbí epo ọkọ̀ rí, ajá á gbọ́ òórùn rẹ̀ kò sì ní mu ún bí òùngbẹ bá tiẹ̀ ń gbẹ ẹ́. Kí ìdérí rẹ̀ dí dáadáa, kó wà níbi tí oòrùn kò ti ń tà sí i, kí a sì dà á síbi ọ̀gbìn, kí a pọn tuntun sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.