Tọ́ọ̀pù Sílíńdà: Kí Ni Wọ́n Ń Pààrọ̀ Gan-an?

Bí mẹkáníìkì bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò yín, tó mi orí, tó ní "tọ́ọ̀pù sílíńdà ti lọ," ẹ má tíì ka owó fún un. Nǹkan mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yẹn lè túmọ̀ sí, owó wọn ò sì sún mọ́ra rárá. Ó lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì, ìtẹ́lẹ̀ pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀, nìkan ló jóná. Ó lè jẹ́ pé tọ́ọ̀pù náà fúnra rẹ̀, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, ti wọ́, tí wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá ojú irin kó lè tẹ́jú padà. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti sán, òmíràn la máa rà. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ lè san owó ẹ̀kẹta fún àìsàn àkọ́kọ́, ó sì lè ṣe ìtọ́jú àkọ́kọ́ nígbà tó jẹ́ ẹ̀kẹta ló ń ṣe mọ́tò rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣẹlẹ̀ sí mi.

Sílíńdà fúnra rẹ̀ ni ihò róbótó inú bọ́lọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì, níbi tí písítìnì ti ń lọ sókè sódò. Tọ́ọ̀pù tí à ń wí yìí kì í ṣe sílíńdà. Òun ló dé e lórí, bí ọmọrí ṣe ń dé ìkòkò. Láyé ìbẹ̀rẹ̀ mọ́tò, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa ń dà ní odidi, orí àti ara lẹ̀ mọ́ra, ìyà ńlá sì ni kéèyàn tó dé ìdí fáàfù wọn. Model T tí ilé iṣẹ́ Ford gbé jáde lọ́dún 1908 wà lára àwọn tó sọ orí tó ṣeé tú di àṣà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọmọrí yìí ju kó dé nǹkan lọ. Inú rẹ̀ ni fáàfù ti ń ṣí tó ń pa dé, tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọlé, tí èéfín ń gbà jáde. Ara rẹ̀ ni púlọ́ọ̀gì wà, ọ̀nà omi àti ọ̀nà ọ́ìlì sì gba inú rẹ̀ kọjá. Gásíkẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ tó wà láàárín òun àti bọ́lọ́ọ̀kù ló ń jẹ́ kí iná, omi àti ọ́ìlì máa gbé ilé kan náà láìfojú kanra.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ́ńjìnnì tí mo mọ̀ jù lọ ṣe àpẹẹrẹ: 5S-FE ti Toyota, tó wà nínú ọ̀pọ̀ Camry tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1992 títí dé 2001, tí àwa náà sì rà ní tòkunbọ̀. Líítà 2.2 ni, sílíńdà mẹ́rin, fáàfù 16. Irin dídà ni bọ́lọ́ọ̀kù rẹ̀, alumíníọ̀mù sì ni orí rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ooru kan náà bá mú àwọn méjèèjì, alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin. Bóòtù mẹ́wàá ló sì dè é mọ́lẹ̀, kò ráyè fẹ̀ bó ṣe wù ú. Nígbà tí ooru bá wà níwọ̀n, gásíkẹ́ẹ̀tì á gbà á mọ́ra. Bó bá kọjá ìwọ̀n, orí á wọ́, bó bá sì tutù, kò ní padà sí bó ṣe wà.

Iná inú sílíńdà máa ń gbóná ju 2,000 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní 660 ni alumíníọ̀mù ń yọ́. Omi tó ń sáré yí i ká ni kò jẹ́ kó yọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí bí mo bá rí wọn tí wọ́n ń yọ tẹmositáàtì sọ nù, pé ilẹ̀ tiwa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Òun ló ń mú ẹ́ńjìnnì dúró sójú ooru kan. Bí kò bá sí, ẹ́ńjìnnì á tutù jù lójú ọ̀nà gbọọrọ, á máa mu epo, ohun tó ń mú un gbóná tẹ́lẹ̀ á sì jókòó síbẹ̀ láìsẹ́ni tó tún un ṣe. Omi lásán náà ò dáa tó. Ó ń jẹ alumíníọ̀mù díẹ̀díẹ̀; mo ti rí orí tí ọ̀nà omi rẹ̀ dà bí eyín tí kòkòrò ti jẹ. Kúlàǹtì, omi rédíétọ̀ tí wọ́n po oògùn mọ́, ni kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó ni tèmi ti gbóná, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Mẹkáníìkì tó bá mi tú u pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ pa ojú orí náà, ó ní ó dán. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó mú un gbóná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, omi tún ń pòórá. Ẹlòmíràn tú u, ó sì fi hàn mí: orí ti sán láàárín fáàfù méjì, fáànù rédíétọ̀ tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sì ń yí lẹ́ẹ̀kan, kì í yí lẹ́ẹ̀kan.

Àmì rẹ̀ kò ṣòro. Omi ń dín, kò sì jò sílẹ̀. Èéfín funfun ń jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tán. Ọ́ìlì dà bí tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Ṣùgbọ́n àmì kò lè sọ èwo ló jẹ́ nínú àwọn mẹ́ta yẹn, wíwọ̀n ló lè sọ ọ́. Wọ́n á gbé rúlà irin tó tọ́ dáadáa lé ojú orí náà, wọ́n á wá ki irin ìwọ̀n tín-ín-rín sábẹ́ rẹ̀. Lórí 5S-FE, 0.05 mìlímítà ni wọ́n fàyè gbà, kò sì ju ìnípọn irun orí lọ. Ọwọ́ ta ló lè mọ ìyẹn? Ní ti sísán, wọ́n á dí ọ̀nà omi rẹ̀, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, wọ́n á rì í bọ omi bí fọkanáísà ṣe ń ṣe túùbù. Orí tòkunbọ̀ tí ẹ bá rà ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó, ẹ ṣe irú àyẹ̀wò yìí fún un kó tó wọ mọ́tò. Ẹ sì rí i pé àwọn ìdérí kékeré tó di káàmù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, mú lórí rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ gan-an, nítorí wọ́n gbẹ́ wọn pọ̀ mọ́ orí náà ni; ti orí mìíràn ò lè bá a mu.

Àwọn àgbà ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Orí ẹ́ńjìnnì náà kò gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀ lórí iyanrìn, nítorí ìlà kékeré kan lójú rẹ̀ tó láti jẹ́ kí omi rọ́nà. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí wọ́n tó tú u. Láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín ni wọ́n ń tú bóòtù, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á fọ ojú bọ́lọ́ọ̀kù mọ́, wọ́n á sì gbẹ omi àti ọ́ìlì kúrò nínú ihò bóòtù. Bí omi bá kù síbẹ̀, bóòtù á fún un mọ́lẹ̀, bọ́lọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ lè sán. Bí wọ́n bá ń dè é, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ ni: lórí 5S-FE, sípánà tó ń wọn agbára á dé 49 Nm lórí bóòtù kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n á tún yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdá mẹ́rin òbìrí sí i, ìyẹn dígírì 90. Agbára apá ò lè rọ́pò sípánà yẹn. Mo dúró ti mẹkáníìkì kejì títí tó fi ṣe é tán.

Ọ́ìlì tí omi ti wọ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù síbẹ̀, torí ó ń jẹ bẹ́árìńì tó gbé ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá ti bu kúlàǹtì, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí fáànù á fi yí fúnra rẹ̀, kó tún dúró. Lọ́jọ́ kejì, láàárọ̀ tó ti tutù, ẹ ṣí rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ á ti jáde, ó sábà máa ń gba kúlàǹtì díẹ̀ sí i.