Ohun Tó Wà Lábẹ́ Máṣíìnì Tó Ń Fò

Òkun o, ẹ̀yin ará Kàbà, Ìjùmú, Ìyàgbà àti Bùnú. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ onímáṣíìnì ń wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé kí n yẹ máṣíìnì àwọn wò. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, wọ́n fẹ́ gbéra ní Kàbà, gba Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ àti Mọ́pà dé Ìsánlú, jókòó pọ̀ wo motocross, eré ìje máṣíìnì lórí pápá erùpẹ̀ olókìtì, lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, kí wọ́n sì padà kílẹ̀ tó ṣú. Ó dára. Àbọ̀ ìrìn náà ló ń kọ mí lóminú, nítorí ẹni tó bá wo eré yẹn tán, ọwọ́ á máa yún un.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ kan ti ọ̀kadà rẹ̀ wá. Ó ti fi í fo òkìtì erùpẹ̀. Ọ́ìlì ń sun lára ṣọ́ọ̀kì iwájú, eruku pupa ti lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Rímù ti tẹ̀, sípóòkù mẹ́ta já, ọrùn ọwọ́ òun náà wú. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, àwọn tí mo wò fò jù báyìí lọ, wọn ò sì ṣubú." Òótọ́ ló sọ.

Ẹ mú rúlà ọmọ iléèwé, èyí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Bí ṣọ́ọ̀kì máṣíìnì motocross ṣe ń wọlé tó nìyẹn, tiwájú tẹ̀yìn. Ti ọ̀kadà wa kò tó ìdajì rẹ̀. Bí máṣíìnì bá balẹ̀, agbára tó bá a wá gbọ́dọ̀ ríbi lọ. Bí ààyè bá gùn, ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kì á máa gba ojú ihò tín-ín-rín kọjá, á jẹ agbára náà díẹ̀díẹ̀. Bí ààyè bá kúrú, irin á gbá irin, ìyókù á wọ rímù, á wọ férémù, á wọ ọ̀pá ẹ̀yìn ẹni tó gùn ún.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ń balẹ̀ sí pẹ̀lú. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n fi erùpẹ̀ ṣe sí òdìkejì òkìtì, kí táyà lè kàn án kó sì máa sáré sọ̀kalẹ̀ lọ. Lójú títì tiwa, kòtò ló sábà máa ń wà níbẹ̀.

Láti 1924 ni wọ́n ti ń sá irú eré yìí ní Camberley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Máṣíìnì ọ̀hún kò ní iná, kò ní dígí. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ sí pápá. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń ju àsíá yẹ́lò, ewu wà níwájú: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ya ẹlòmíràn kọjá. Àwọn ọ̀gá gan-an ń pa á mọ́.

Kó tó di Sọ́ńdè, ẹ fi sípánà kékeré kan sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó le á dún kin-in. Èyí tó tú, ohùn rẹ̀ á kú. Ẹ fi aṣọ funfun nu ṣọ́ọ̀kì iwájú, ẹ di bíréèkì mú, ẹ tẹ ọwọ́ máṣíìnì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ọ́ìlì bá yí ọ̀pá náà ká bí òrùka, síìlì, rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró sínú, ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, rímù wọ́n jù ú lọ. Ẹ de okùn akoto yín. Ẹ má gbé èrò méjì.

Eré motocross tí ẹ fẹ́ wò, méjì ni lọ́jọ́ kan, ìṣẹ́jú 30 àti ìyípo méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìkejì bá ti parí, ẹ dìde, kí àwọn ewúrẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sójú títì.

Ọmọ yẹn ń bá yín lọ. Mo ti tún ti ẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kó wà láàárín.