Bí a ṣe ń yan tọ́bò fún ẹ́ńjìnnì tí kò bá tọ́bò wáyé

Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò ń fi agbára ara rẹ̀ mí. Bí písítìn bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú sílíńdà ni afẹ́fẹ́ òde ń rọ́ wọ inú àyè tó ṣí sílẹ̀ lókè rẹ̀, kò sì sí ohun mìíràn tó ń tì í wọlé ju ìfúnpá ojú ọjọ́ lọ, èyí tí í ṣe nǹkan bíi psi 14.7 ní etíkun (psi ni ìwọ̀n ìfúnpá, ìyẹn iye pọ́n-ùn tó ń tẹ ojú ínṣì kan níbùú lóròó). Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó bá wọlé ló ń pinnu ìwọ̀n epo tó lè jóná, ìyẹn ló sì ń pinnu agbára ọkọ̀. Tọ́bò ń ki afẹ́fẹ́ kún èyí tí ẹ́ńjìnnì ìbá fà fúnra rẹ̀: èéfín gbígbóná tó ń jáde lọ ń yí abẹ̀bẹ̀ irin kan, abẹ̀bẹ̀ kejì tó wà lórí ọ̀pá kan náà sì ń gbá afẹ́fẹ́ tútù wọlé. Alfred Büchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí lílo èéfín báyìí láti ọdún 1905.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí ènìyàn kọ́kọ́ ra tọ́bò kan nítorí wọ́n ní ó lè gbé agbára ẹṣin 400, kí ó tó wá máa ronú bí yóò ṣe bá ẹ́ńjìnnì mu. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ́ńjìnnì ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀n, ibi tí a sì ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìwọ̀n ìfúnpọ̀ rẹ̀, ìyẹn iye ìlọ́po tí àyè inú sílíńdà nígbà tí písítìn wà nísàlẹ̀ pátápátá fi ju ti ìgbà tó bá dé òkè pátápátá lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí kò bá tọ́bò wáyé, ó máa ń tó 10 sí 1 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé láàrin 8.5 àti 9.5 ló wọ́pọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí a ti fi tọ́bò sí láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Ooru ló fa ìyàtọ̀ yìí. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ a máa gbóná; bí tọ́bò bá ti fún un tẹ́lẹ̀, tí písítìn tún wá fún un ní ìlọ́po mẹ́wàá, àdàpọ̀ epo àti afẹ́fẹ́ tó wà ní igun sílíńdà lè gbiná fúnra rẹ̀ kí iná tí pulọ́ọ̀gì dá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí ẹnìkan ń fi òòlù kékeré kan irin láti inú, bí a kò bá sì tètè dá a dúró, ó lè lu písítìn jálẹ̀ tàbí kó jó gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì. Fún ẹ́ńjìnnì tí a kò tíì tú inú rẹ̀, nítorí náà, psi 5 sí 7 tí tọ́bò fi kún ti ojú ọjọ́ ni ó bọ́gbọ́n mu, ìyẹn pẹ̀lú epo bẹntiróòlù tí octane rẹ̀ ga, tí kì í tètè gbiná fúnra rẹ̀, àti intercooler, tí í ṣe rédíétọ̀ tó ń tu afẹ́fẹ́ lára kó tó wọlé.

Bí a bá ti mọ psi tí ẹ́ńjìnnì lè gbà, ìṣirò ló kù. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ́ńjìnnì onílítà méjì tó ń yí ìgbà 6,500 ní ìṣẹ́jú kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìyípo méjì ni ó fi ń mí ẹ̀ẹ̀kan, nítorí náà lítà 6,500 ló yẹ kó fà ní ìṣẹ́jú kan. Sílíńdà kì í kún tán. Bí a bá ka ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di lítà 5,850, bí lítà afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan bá sì wúwo tó gírámù 1.2, nǹkan bíi kílógírámù 7 ni ẹ́ńjìnnì yìí ń jẹ ní ìṣẹ́jú kan láìsí tọ́bò.

Psi 7 tí a fi kún 14.7 jẹ́ 21.7, bí a bá sì fi 14.7 pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.5. Ìpín yìí ni àwọn tó ń ṣe tọ́bò ń lò, kì í ṣe psi lásán, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin: ní ibi tó fi mítà 1,500 ga ju òkun lọ, ìfúnpá ojú ọjọ́ kò ju nǹkan bíi psi 12.3 lọ, psi 7 kan náà yóò wá di ìpín tó sún mọ́ 1.6, tọ́bò yóò sì ní láti yí kíákíá ju ti etíkun lọ. Bí a bá fi 1.5 sọ kílógírámù 7 di púpọ̀, tí a sì yọ díẹ̀ kúrò nítorí ooru tí intercooler kò lè mú tán, yóò kù díẹ̀ kó pé kílógírámù 10 ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí a máa ka kílógírámù 0.45 sí agbára ẹṣin 10. Ẹ́ńjìnnì tó ń mú nǹkan bíi 155 wá tẹ́lẹ̀ yóò wá sún mọ́ 210.

Nǹkan méjì yìí, ìpín ìfúnpá àti ìwọ̀n afẹ́fẹ́, ni a ó gbé lọ sórí àwòrán tí ilé iṣẹ́ tó ṣe tọ́bò máa ń tẹ̀ jáde fún kọ́mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀, ìyẹn apá tọ́bò tó ń gbá afẹ́fẹ́ tútù wọlé. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán náà, ìpín ìfúnpá wà ní ẹ̀gbẹ́, àwọn òrùka tó wà nínú òrùka sì wà láàrin. Bí òrùka bá ti ń kéré sí i ni agbára tí kọ́mpúrẹ́sọ̀ ń fi ṣòfò ń dín kù, nínú èyí tó wà láàrin gan-an, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún agbára náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń di iṣẹ́. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ohun ìwé lásán. Afẹ́fẹ́ tó wọ kọ́mpúrẹ́sọ̀ ní ìwọ̀n ooru 27 ti Celsius yóò jáde ní nǹkan bíi 74 bí iṣẹ́ bá wà ní ìdá 75, ṣùgbọ́n yóò gbóná dé nǹkan bíi 86 bí ó bá wà ní ìdá 60, bẹ́ẹ̀ psi kan náà ni aago tó ń wọn ìfúnpá yóò máa fi hàn.

Ojú kan ṣoṣo kò tó láti fi dájọ́. Ní ìyípo 2,500, ẹ́ńjìnnì àpẹẹrẹ wa kò lè gba ju nǹkan bíi kílógírámù 3.7 lọ ní ìpín 1.5. Bí ojú àmì yẹn bá bọ́ sí apá òsì ìlà tó wà ní etí àwòrán, tọ́bò ti tóbi jù: afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì kò rí gbà yóò máa ta padà sẹ́yìn, ọkọ̀ yóò máa fà, yóò máa dá dúró, bẹ́ríńgì tọ́bò yóò sì máa jẹ ìyà rẹ̀. Bí àmì ti 6,500 bá sì sá kọjá òrùka tó kẹ́yìn ní apá ọ̀tún, ó kéré jù, ooru ni yóò máa pèsè dípò afẹ́fẹ́. Èyí tó bá gba àmì méjèèjì láàrin òrùka rẹ̀ ló yẹ. Ẹni tó bá sì ń wa ọkọ̀ láàrin ìlú, tí ìyípo rẹ̀ kì í sábà kọjá 4,000, kí ó fi ojú sí apá òsì àwòrán ju apá ọ̀tún lọ.

Ní apá èéfín, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní A/R ni a ń wò, èyí tí a rí nígbà tí a bá fi ìjìnnà sí àárín abẹ̀bẹ̀ pín fífẹ̀ ọ̀nà èéfín. Èyí tó kéré, bíi 0.63, ń jẹ́ kí èéfín sáré, tọ́bò sì ń tètè jí. Èyí tó pọ̀ ń pẹ́ kó tó jí, ṣùgbọ́n kì í há èéfín mọ́ ẹ́ńjìnnì lọ́rùn nígbà tí eré bá le.

Nọ́sù epo àti brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, tí ọkọ̀ bá wáyé kò mọ nǹkan kan nípa afẹ́fẹ́ tó kún yìí. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìfúnpá nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà lè ka ohun tó kọjá ti ojú ọjọ́ púpọ̀, nítorí náà a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, kí a sì tún brain box tò kí ó lè fi epo kún un, kí ó sì jẹ́ kí iná pulọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ kó tó tàn nígbà tí tọ́bò bá ń fẹ́.

Ọ̀nà epo ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú kéré. Ọ̀pá tọ́bò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, orí epo ló sì ń léfòó. Epo yìí ń wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ìfúnpá láti ẹnu páìpù tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ìwúwo ara rẹ̀ nìkan ló fi ń ṣàn padà, ìdí nìyí tí páìpù ìpadà fi gbọ́dọ̀ fẹ̀, kí ó dorí kodò láìsí ìtẹ̀sí òkè níbì kankan, kí ó sì wọ inú àwo epo lókè ibi tí epo dé. Bí tọ́bò tuntun bá ń rú èéfín aláwọ̀ búlúù, páìpù yìí ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a tó sọ pé sílì rẹ̀ ti bàjẹ́.